Òṣìṣẹ́ Wa Tó Ń Lọ: Ọ̀rọ̀ Tó Yẹ Kí A Gbọ́ Lẹ́nu Rẹ̀ Kí Ó Tó Kúrò



Ẹ̀kọ́ wa ti àkókò yìí dá lórí ohun kan tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ́ kì í kà sí. Bí a bá fẹ́ gba akọ̀wé tuntun sí iṣẹ́, a máa ń pe ìpàdé, a máa ń bi í ní ìbéèrè títí, a máa ń béèrè onídùúró, a sì máa ń wo ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní àwòtúnwò. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí akọ̀wé kan náà bá mú ìwé wá pé òun fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìbéèrè wa kì í ju ẹyọ kan lọ: "Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?" Bí ó bá ti kó kọ́kọ́rọ́ àti ìwé ìṣirò owó sílẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tó ti jókòó nídìí owó wa fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, tó mọ ẹni tó ń san gbèsè lásìkò àti ẹni tó ń sá fún un, tó mọ ibi tí iṣẹ́ wa ti ń jò, ó bọ́ sọ́nà, ó sì gbé gbogbo ohun tó mọ̀ lọ.

Ní àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá, ó ti di àṣà kí ọ̀gá kan jókòó pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tó ń lọ, kí ó bi í léèrè ohun tó mú un lọ, ohun tó dára nínú iṣẹ́ náà àti ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Nínú ẹ̀kọ́ yìí a óò máa pè é ní ìjókòó ìdágbére. Kò gbà ju wákàtí kan lọ, kò sì ná ẹgbẹ́ ní kọ́bọ̀. Kì í ṣe pé a fẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Ẹni tó ti kọ ìwé tó sì ti fi lé wa lọ́wọ́, ọkàn rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Nítorí ẹni tí yóò jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni a ṣe ń béèrè, àti nítorí owó àwa tó kù.

Kí ẹnikẹ́ni má ba à rò pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó nìkan ni èyí, ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan láti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà yìí. Ọ̀mọ̀wé kan wà nínú ètò ọrọ̀ ajé tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Albert Hirschman. Ìlú Berlin ni a bí i sí ní 1915, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni ó ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ní àárín àwọn ọdún 1960, ó ń káàkiri ayé láti wo àwọn iṣẹ́ tí Báńkì Àgbáyé yá owó sí, ọ̀kan nínú wọn sì ni iṣẹ́ rélùwéè ní Nàìjíríà. Ohun kan rú u lójú. Ẹ̀pà láti òkè Ọya ní láti rin ọgọ́rọ̀ọ̀rún máìlì kí ó tó dé èbúté. Ẹrù tó wúwo báyìí, tó sì ń lọ ọ̀nà jíjìn tó bẹ́ẹ̀, rélùwéè ló yẹ kó máa rù ú. Síbẹ̀ àwọn onílọ́rì ń gba ẹrù náà mọ́ rélùwéè lọ́wọ́. Kí ló dé tí rélùwéè kò fi rí èyí kí ó tún ara rẹ̀ ṣe?

Ìdáhùn tí ó rí ni pé nítorí pé lọ́rì wà nítòsí ni rélùwéè kò fi yí padà. Àwọn oníbàárà tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù, tí ì bá lọ bá àwọn ọ̀gá rélùwéè lójú ẹsẹ̀ tí wọn ì bá sì pariwo, àwọn náà ni wọ́n kọ́kọ́ kó ẹrù wọn sínú lọ́rì. Wọ́n lọ láìsọ nǹkan kan. Àwọn tó kù kò lè pariwo tó bẹ́ẹ̀. Owó tí ń wọlé ń dín kù ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ìjọba ló ń dí ihò rẹ̀, nítorí náà àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ kò mọ̀ ọ́n lára. Láti inú ọ̀rọ̀ rélùwéè yìí ni Hirschman ti kọ ìwé kan tó jáde ní 1970, *Exit, Voice, and Loyalty*. Ohun tó sọ níbẹ̀ kò ṣòro í yé ni: bí nǹkan bá ń bàjẹ́ níbì kan, ẹni tó wà níbẹ̀ lè lọ, ó sì lè sọ. Bí ó bá rọrùn fún un láti lọ jù láti sọ lọ, yóò lọ, ibẹ̀ yóò sì máa bàjẹ́ lọ láìsí ẹni tó mọ ìdí.

Ẹ wo ẹgbẹ́ tiwa nínú dígí yìí. Akọ̀wé tó gbọ́n, tí ìwé rẹ̀ mọ́, tí kò fẹ́ àbùkù, ni yóò kọ́kọ́ rí iṣẹ́ síbòmíràn. Òun kan náà sì ni ì bá ti sọ òtítọ́ fún wa bí a bá bi í.

Ẹ jẹ́ kí a ro ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tí ó ní ọmọ ẹgbẹ́ bí ọgọ́fà. Láàárín ọdún mẹ́rin, akọ̀wé mẹ́ta ti wá, wọ́n sì ti lọ. Èkínní ní òun ń lọ kàwé sí i. Èkejì ní ara òun kò yá. Ẹ̀kẹta ní ọkọ òun ti ṣí lọ sí Èkó. Ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dára létí, kò sí èyí tí ènìyàn lè bínú sí. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí ọ̀kan bá lọ, ìwé ìṣirò owó a dúró fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tó san gbèsè a rí i pé a kò kọ ọ́ sí ìwé ńlá, bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú ìwé ọwọ́ tirẹ̀, ìjà a sì dé. Ayẹ̀wéwò a dé, a ò lè fi nǹkan kan hàn án. Ìpàdé gbogbogbòò a sún síwájú, èrè ọdún a sì pẹ́ kí a tó pín in. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a wá máa sọ láàárín ara wọn pé owó àwọn kò sí níbi tí àwọn fi í sí mọ́. Ìgbìmọ̀ a máa sọ pé àwọn ọ̀dọ́ ayé òde òní kò lè dúró níbi iṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Kò sí ẹni tó wo ẹ̀yìn nínú ẹgbẹ́ yìí.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà le láàárín wa ni pé a ti kọ́ àwọn ọmọ wa láti má sọ ohun tí yóò bí àgbà nínú. Akọ̀wé ẹgbẹ́ sábà máa ń jẹ́ ọmọ ẹnì kan nínú wa, tàbí ìyàwó ilé ẹnì kan. Ó mọ̀ pé ọ̀la ni òun yóò tún pàdé alága ní ibi ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó. Bí a bá bi í lójú gbogbo ìgbìmọ̀ pé, "Ṣé a ṣẹ̀ ọ́?", ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà. Ẹ fojú inú wo ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ tó jókòó ti akọ̀wé tó ń lọ.

"Ọmọ mi, a gbọ́ pé o fẹ́ lọ kàwé sí i. Ọlọ́run yóò ṣe é ní rere."

"Àmín, mà. Ẹ ṣé, mà."

"Ṣé kò sí ohun tí ẹgbẹ́ ṣe tó dùn ọ́?"

"Rárá o, mà. Kò sí nǹkan kan."

Bí ìyá bá dìde níbẹ̀, àdúrà nìkan ni wọ́n jọ ṣe. Ṣùgbọ́n ká ní ó tún bi í lọ́nà mìíràn.

"Sọ fún mi bí ọjọ́ tí a ń yá owó ṣe máa ń rí fún ọ. Bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀."

"Mo máa ń dé ní aago méje, mà. Àwọn tó fẹ́ yá owó á ti wà níta. Wọ́n á dá mi dúró títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Àwọn mìíràn á tún wá bá mi nílé."

"Nílé? Kí ni wọ́n ń wá bá ọ fún nílé?"

"Wọ́n á ní kí n fi orúkọ àwọn síwájú, mà. Àgbà ni wọ́n, mi ò lè sọ pé rárá."

"Bí ìgbìmọ̀ kò bá tí ì fọwọ́ sí i ńkọ́?"

"Wọ́n á ní kí n san án ná, pé ìgbìmọ̀ á fọwọ́ sí i tó bá yá."

Ẹ rí i báyìí pé kì í ṣe ìwé kíkà nìkan ló ń lé akọ̀wé lọ. Ẹ̀rù ń bà á pé ọjọ́ kan ni ayẹ̀wéwò yóò dé, orúkọ òun ni yóò sì wà lábẹ́ ìwé owó tí kò ní ìfọwọ́sí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí tó fún ìgbìmọ̀ láti ṣe àtúnṣe tí yóò pa owó ẹgbẹ́ mọ́ fún ọdún púpọ̀. Ìbéèrè tó mú un jáde kò fi ẹnikẹ́ni sùn. Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ni ó béèrè. A gba àwọn tí yóò ṣe iṣẹ́ yìí níyànjú pé kí wọ́n máa béèrè báyìí: Kí ni ó máa ń gbà ọ́ ní àkókò jù? Ọjọ́ wo ni o kọ́kọ́ ronú pé kí o lọ, kí ló sì ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà? Kí ni a sọ fún ọ nígbà tí a gbà ọ́ sí iṣẹ́ tí kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí o dé ibẹ̀? Ta ni o máa ń lọ bá bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú? Bí àbúrò rẹ bá fẹ́ gba iṣẹ́ yìí, kí ni ìwọ yóò sọ fún un? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí, àwa gbàgbọ́ pé ó ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí kò sẹ́ni tó ń fẹ́ tan àbúrò rẹ̀ jẹ.

Ta ni kí ó ṣe é? Kì í ṣe ẹni tí ó ń pàṣẹ fún un lójoojúmọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá wà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ti ẹni náà gan-an. Kí ìgbìmọ̀ yan ọmọ ẹgbẹ́ kan tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ owó yíyá, tí ènìyàn fọkàn tán, tí ẹnu rẹ̀ kì í jò. Bí òṣìṣẹ́ tó ń lọ bá jẹ́ obìnrin, obìnrin ni ó sàn kí ó bá a sọ̀rọ̀, nítorí àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kì yóò sọ fún ọkùnrin láéláé, ó sì lè jẹ́ àwọn yẹn gan-an ló lé e lọ. Bí ẹgbẹ́ bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wa jẹ́ ẹbí, kí a bẹ ẹgbẹ́ mìíràn nítòsí kí ó yá wa ní ẹnì kan. Àwa náà yóò ṣe é fún wọn lọ́jọ́ iwájú. Kí ó má ṣe jẹ́ ní ọjọ́ ìpàdé, kí ó má sì jẹ́ ní ọ́fíìsì níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń wọlé jáde. Àárín ìgbà tó ti fi ìwé sílẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò lọ ló dára jù, nígbà tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ díẹ̀. Àwọn ibì kan tún máa ń fi tẹlifóònù pe ẹni náà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. A fẹ́ràn èyí. Ẹni tó ti gba owó oṣù níbòmíràn kì í bẹ̀rù wa mọ́.

Àwọn kan á ní kí a tẹ fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù dára níbi tí òṣìṣẹ́ ti tó ọgọ́rùn-ún. Ẹgbẹ́ tó ní akọ̀wé kan àti ọlọ́dẹ kan, ẹnu ni kí ó lò.

Ohun kan wà tí yóò ba gbogbo rẹ̀ jẹ́: kí owó òṣìṣẹ́ wà lọ́wọ́ wa, kí a sì máa fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu. Ó ti di àṣà búburú láàárín àwọn ẹgbẹ́ kan láti so owó oṣù ìkẹyìn akọ̀wé rọ̀ títí ara wọn yóò fi balẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ bá so rọ̀, ohun tí a fẹ́ gbọ́ ni yóò sọ. Yàtọ̀ sí èyí, òfin wà. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, tí a ṣe ní 1974, sọ iye ọjọ́ ìfitónilétí fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé: ọjọ́ 1 fún ẹni tí kò tí ì ju oṣù 3 lọ, ọ̀sẹ̀ 1 fún ẹni tó ti ju oṣù 3 lọ tí kò tí ì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 2 fún ẹni tó ti pé ọdún 2 tí kò tí ì pé 5, oṣù 1 fún ẹni tó ti pé ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Bí ó bá tó ọ̀sẹ̀ kan, a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ni òfin yìí jọ dè. Owó iṣẹ́ tó tọ́ sí i gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kí àkókò ìfitónilétí náà tó kọjá. Ẹ wo ìwé tí ẹ fi gbà á sí iṣẹ́ pẹ̀lú, kí ẹ mọ ohun tí ẹ bá a ṣe ládéhùn. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá wa tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014, kí wọ́n sì rí i dájú pé wọ́n ti san ti agbanisíṣẹ́ àti èyí tí wọ́n yọ nínú owó oṣù sí ibi tó yẹ. Òṣìṣẹ́ yóò béèrè.

Fífa iṣẹ́ léni lọ́wọ́ yàtọ̀, ìjókòó ìdágbére yàtọ̀. Kọ́kọ́rọ́, ìwé owó, ìwé báńkì, àti lóde òní ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ tí a fi ń ṣí kọ̀ǹpútà àti tẹlifóònù ẹgbẹ́, ìgbìmọ̀ ni kí ó gba àwọn wọ̀nyí níwájú ẹlẹ́rìí, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé. Kí ẹni tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdágbére má bá wọn jókòó níbẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá rí i pé àwọn tó ń ka owó náà ló tún ń bi òun ní ohun tó wà lọ́kàn òun, yóò rò pé ẹjọ́ ni a fẹ́ dá fún òun.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ńkọ́? Èyí gba ìrònú. A kò lè ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé gbogbo ohun tó bá sọ ni a óò pa mọ́, nítorí owó àwọn ènìyàn ni a ń ṣọ́. Nítorí náà kí olùbéèrè sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́: "Ohun tí o bá sọ nípa bí iṣẹ́ ṣe rí, n kò ní fi orúkọ rẹ kún un. Ṣùgbọ́n bí o bá sọ fún mi pé owó ẹgbẹ́ sọnù tàbí pé wọ́n fìyà jẹ ẹnì kan, n kò lè dákẹ́ sí i." Ó dára kí ó dákẹ́ lórí ohun kan ju pé kí a tàn án lọ. Bí olùbéèrè bá sì lọ sọ ọ̀rọ̀ náà ní ìsọ̀ ẹlẹ́mu, kò sí akọ̀wé tí yóò tún sọ òtítọ́ fún ẹgbẹ́ yẹn mọ́.

Àwọn alága kan ti sọ fún wa pé ẹni tó ń lọ kì í sọ dáadáa, pé ìbínú ló máa ń fi sọ̀rọ̀. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọ́dọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nítorí ohun tí ẹnì kan ṣoṣo sọ. Ẹ kọ ohun tó sọ sílẹ̀ ní ojú ewé kan, ẹ kọ déètì sí i, ẹ tọ́jú rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá tún ń lọ lẹ́yìn ọdún kan, ẹ kọ tirẹ̀ náà. Nígbà tí ojú ewé bá di mẹ́ta tí ohun kan náà sì wà nínú gbogbo wọn, bíi pé àwọn àgbà ń wá owó yá lóru, tàbí pé akọ̀wé nìkan ló ń dá gbé owó lọ sí báńkì lórí ọ̀kadà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbínú mọ́. Kí ìgbìmọ̀ ka àwọn ojú ewé náà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí wọ́n tó jókòó ṣe ètò ìnáwó ọdún tuntun, nítorí àwọn àtúnṣe kan á gba owó. Bí ẹ bá sì tún nǹkan kan ṣe, ẹ sọ ọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣẹ́kù. Bí wọ́n bá rí i pé ọ̀rọ̀ ń ṣiṣẹ́, àwọn náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tiwọn láìdúró di ọjọ́ tí wọn yóò lọ.

Gbogbo èyí kan ọmọ ẹgbẹ́ tó ń yọwọ́ pẹ̀lú. Nínú ìlànà méje tí Àjọ Ẹgbẹ́ Aláfọwọ́sowọ́pọ̀ Àgbáyé fọwọ́ sí ní Manchester ní 1995, èyí àkọ́kọ́ ni pé ìfẹ́ inú ni ènìyàn fi ń wọ ẹgbẹ́. A kò lè fi agbára dá a dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ bá wá gba owó ìfipamọ́ rẹ̀ tán, tí ó sì ní òun fẹ́ fi kọ́ ilé, kí a bi í bí ó ṣe rí lọ́dọ̀ wa ní ọjọ́ tó kẹ́yìn wá yá owó. Ó lè jẹ́ ilé ni ní tòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti rí ẹgbẹ́ mìíràn tí kì í fi í sílẹ̀ nínú oòrùn láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Fún ìpàdé ẹ̀kọ́ yín tó ń bọ̀, kí akọ̀wé mú orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ àti ọmọ ẹgbẹ́ tó ti kúrò láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn wá, kí ó kọ ìdí tí wọ́n sọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn tó wà ní ìpàdé sọ èyí tí wọ́n gbà gbọ́ àti èyí tí wọn kò gbà gbọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ yan ẹni méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, kí wọ́n lọ kí mẹ́ta nínú àwọn tó ti lọ náà nílé wọn. Kí wọ́n má lọ lọ́wọ́ òfo, kí wọ́n sì má mú ìwé dání.